Wàrà Dídì Lórí Igi: Bí A Ṣe Fi Ògì àti Mílíìkì Bá Ooru Kánò Jà

A mọ̀ pé ìròyìn ẹbí ni ọ̀pọ̀ yín máa ń kọ́kọ́ wá nínú ìwé yìí, láti mọ ẹni tí ó bímọ, ẹni tí ó gbé ìyàwó, ẹni tí ó kọ́lé àti ẹni tí ó ti papò dà. Ẹ ní sùúrù, wọ́n wà ní ojú ewé tí ó tẹ̀lé èyí. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi ṣáájú wọn lónìí, ọ̀rọ̀ ẹbí náà ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú fírísà ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò bá gbé Kánò rí kò mọ ohun tí à ń pè ní ooru. Láti oṣù Kẹta títí di ìgbà tí òjò yóò fi rọ̀ dáadáa ní oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹfà, oòrùn a máa ràn bí ẹni pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ní oṣù Kẹrin, ìwọ̀n ooru a máa dé 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, páànù orí ilé a máa ta pàràpàrà, àtàárọ̀ ni ènìyàn sì ti ń wá ibi tí òjìji wà. Àwọn ará wa tí wọ́n ń ti Èkó wá kí wa ní àkókò náà kì í lò ju ọjọ́ méjì lọ kí wọ́n tó rántí pé àwọn ní iṣẹ́ nílé.

Àárín irú ooru bẹ́ẹ̀ ni ibà mú ìyá wa ní ọdún tí ó kọjá. Ó ti lé ní 40 ọdún tí ìyá wa ti tẹ̀lé bàbá wa wá sí ìlú yìí láti Ògbómọ̀ṣọ́; ní ọjà Sábọ̀n Gàrí ni ó ti ta aṣọ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbà á mọ́. Dókítà ní ibà náà ti lọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ kọ̀, kò padà. Àmàlà, ó ní ó gbóná. Ẹ̀kọ mímu, ó ní ó gbóná. Ẹran, ó ní ẹnu òun korò bí ewúro. Omi tútù nìkan ni ó ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ni omi tútù nìkan kò lè gbé ènìyàn ró. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìró tí kò ju kí ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan lọ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àbúrò wa nílé bẹ̀rẹ̀ sí pè lálaalẹ́, wọ́n ní kí a gbé ìyá wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí ó tó pẹ́ jù. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn tí wọn kò fẹ́ sọ jáde. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe gbé àgbàlagbà tí kò jẹun sínú ọkọ̀ fún odidi ọjọ́ kan nínú ooru yẹn? Dókítà ti sọ fún wa pé kí a wá ohun tí yóò gba ẹnu rẹ̀ wọlé, kí ó ní mílíìkì nínú, kí ó ní ṣúgà nínú, ohunkóhun tí ó bá ti gbà ni kí a fún un.

Ọmọ wa obìnrin, èyí tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ni ó mú ọ̀rọ̀ yìnyín onígi wá. Ó ti rí i lórí fóònù pé ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, àwọn ènìyàn a máa fi mílíìkì, ṣúgà àti èso ṣe yìnyín sórí igi pẹlẹbẹ, wọn a sì máa lá a kiri ní ojú pópó. Paleta ni wọ́n ń pè é. Oríṣi méjì ni ó ní: olómi, tí í ṣe omi èso tí a fi ṣúgà sí, àti oníwàrà, tí í ṣe mílíìkì tí ó ki, tí ó sì ń yọ́ lẹ́nu bí òrí. A bi í pé kí ni ó fi yàtọ̀ sí áìsì kìrímù tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń tà, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Fan Milk ti mú mọ́ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lára láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Gánà ní 1960. Ó ní èyí kò fẹ́ ẹ̀rọ kankan. Ìkòkò, ṣíbí àti fírísà ti tó.

A gbà fún un. Ó da agolo mílíìkì mẹ́ta sínú omi, ó da ṣúgà sí i, ó pín in sínú ife rọ́bà, ó ti igi bọ̀ ọ́, ó sì gbé e sínú fírísà. Ẹ wá wo ohun tí ó jáde ní ọjọ́ kejì. Òkè rẹ̀ funfun ràndàn bí omi tí a fi fọ ìrẹsì, gbogbo adùn ti wọ́ sí ìsàlẹ̀, àárín rẹ̀ le gbandi, ó sì ń ro ṣákáṣáká lẹ́nu bí iyanrìn. Ìyá wa gbé e sẹ́nu, ó yọ ọ́, ó wò ó, ó ní: “Eyín mẹ́fà péré ni ó ṣẹ́kù fún mi. Ta ni ó rán yín sí i?” A rẹ́rìn-ín, ojú wa sì kún fún omi, nítorí ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí kò ti bá wa ṣe àwàdà.

Ọmọ náà padà sí ìdí fóònù rẹ̀. Ó ní òun ti rí àṣìṣe òun: àwọn kan nínú àwọn ará Mẹ́síkò a máa po ìyẹ̀fun mọ́ ti wọn kí wọ́n tó jẹ́ kí ó dì, ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń yọ lára àgbàdo. Ó wá ń bi wá pé ṣọ́ọ̀bù wo ni òun ti lè rí i rà. Láti orí ẹní ni ìyá wa ti dá a lóhùn: “Àgbàdo tí a rẹ, tí a lọ̀, tí a fi asẹ́ sẹ́, tí ó sì tòrò sí ìsàlẹ̀ igbá, kí ni orúkọ rẹ̀ bí kì í bá ṣe ògì?” Kò sí ẹni tí ó rí èsì fọ̀. Ògì ń bẹ nínú ike lẹ́yìn ilẹ̀kùn, a sì ń wá ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Bí ẹ bá sì rò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ ìyá wa jinlẹ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ lọ. Ilẹ̀ Mẹ́síkò gan-an ni àgbàdo ti wá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn, ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn aláwọ̀ funfun ti la òkun dé Amẹ́ríkà ní 1492 ni ó sì tó rékọjá sí ọ̀dọ̀ tiwa. Ata tí a fi ń yan ẹnikẹ́ni tí kò lè jẹ ẹ́ jẹ, apá ọ̀hún náà ni ó ti wá. Nítorí náà, nígbà tí a bá po ògì mọ́ paleta, a kò ba nǹkan onínǹkan jẹ́. Ọmọ ni ó lọ kí ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí a ti ń ṣe é, nítorí àwọn ìyá wa tí wọ́n ti ń dá wa dúró lọ́nà ìjọ àti mọ́ṣáláṣí láti béèrè. Ẹ wá omi líítà kan, mílíìkì oníyẹ̀fun tí ọ̀rá rẹ̀ pé ní gíráàmù 160, ṣúgà gíráàmù 120, ògì tútù ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tí kò ga, àti iyọ̀ tí ìka méjì lè mú. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n nílé, kí ó wo ara àpò mílíìkì, gíráàmù rẹ̀ wà níbẹ̀. Ife 12 tí kò tóbi ni èyí yóò kún.

Ògì ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú. Ògì wa a máa kan, kíkan rẹ̀ sì lè mú kí mílíìkì pín sí omi àti kókó nínú ìkòkò. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ẹ da omi kíkan orí rẹ̀ nù, ẹ bu omi mímọ́ lé e, ẹ rò ó, ẹ jẹ́ kí ó tòrò, kí ẹ sì tún da omi náà nù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ògì funfun ni ó dára jù lọ. Ti ọkà bàbà yóò pọ́n ọn lójú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò bà á jẹ́.

Ẹ bu ife omi kan sọ́tọ̀ nínú líítà náà kí ẹ fi po mílíìkì títí kókó kankan kò fi sí nínú rẹ̀. Ẹ gbé omi tí ó kù kaná pẹ̀lú ṣúgà àti iyọ̀. Bí ó bá ti ń hó, ẹ fi omi tútù díẹ̀ po ògì, kí ẹ máa dà á sínú ìkòkò díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ yín kò sì gbọdọ̀ kúrò lórí ṣíbí. Ẹ jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí òórùn ògì lè lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ dín iná kù, ẹ da mílíìkì sí i, kí ẹ máa rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin láìjẹ́ kí ó hó bùlàbùlà. Ẹ ó mọ̀ pé ó ti tó nígbà tí ẹ bá ti ṣíbí bọ̀ ọ́, tí ẹ fi ìka fa ìlà sí ẹ̀yìn ṣíbí náà, tí ìlà náà kò sì pa dé. Kò gbọdọ̀ ki tó ẹ̀kọ mímu. Ẹni tí ó bá sè é di ẹ̀kọ, kí ó mu ún ní ẹ̀kọ, kí ó sì tún òmíràn ṣe.

Ẹ gbé ìkòkò náà sínú abọ́ omi kí ó tètè tutù, kí ẹ sì máa rò ó lóòrèkóòrè kí ó má bàa di awọ lójú. Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Ẹ tọ́ ọ wò: ó yẹ kí ó dùn ju bí ẹ ti fẹ́ lọ díẹ̀, nítorí pé ìtútù a máa pa adùn mọ́lẹ̀ lórí ahọ́n. Ìgbà tí ó bá ti tutù tán pátápátá ni kí ẹ tó bù ú sínú ife, kí ẹ sì fi àyè ìbú ìka kan sílẹ̀ lókè, nítorí omi tí ó bá dì a máa wú. Ẹ má tíì ti igi bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti ń gan, ìgbà náà ni igi yóò tó lè dá dúró lóòró láìwó. Igi pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà ní páálí ni kí ẹ lò. Bí kò bá sí, ṣíbí rọ́bà kéékèèké yóò ṣe é. A ti rí ẹni tí ó fi igi ọwọ̀ ṣe é. Ẹ jọ̀wọ́ o. Wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà sí i, ó ti dì. Láti yọ ọ́, ẹ fi ìdí ife náà sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè kà dé 15, kí ẹ sì fà á wẹ́rẹ́.

Ohun tí ó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti yé wa báyìí. Omi inú mílíìkì ni ó ń dì. Bí kò bá sí ohun tí ó dí i lọ́nà, omi a máa wá omi lọ, wọn a sì so pọ̀ di èérún yìnyín ńláńlá; iyanrìn tí ìyá wa rí lẹ́nu nìyẹn. Ọ̀rá mílíìkì, ṣúgà àti ògì tí a ti sè ni wọ́n ń dúró ní àárín wọn bí àgbà tí ń la ìjà, kí èérún náà lè wà ní wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé nítorí èyí kí ẹ da ṣúgà sí i ní ìlọ́po méjì. Ṣúgà kì í jẹ́ kí omi tètè dì. Bí ó bá pọ̀ jù, títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ọbẹ̀ ni ẹ ó bá nínú ife. Bí ìtútù bá sì ti yára tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ yóò ti kúnná tó, nítorí náà ẹ má fi ife 12 sínú fírísà tí ẹ ti di ẹja àti ẹran kún inú rẹ̀ dé ẹnu.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sọ lọ́kàn yín pé fírísà wo, iná wo, a gbọ́ yín. Nílé wa náà, iná a máa wá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Bí ó bá lọ, ẹ má ṣí fírísà wò, ẹ fi ẹní tàbí kúbùsù bò ó. Èyí tí ó bá ti yọ́ di omi, tí ó sì ti wà bẹ́ẹ̀ ju wákàtí méjì lọ nínú ooru, ẹ má dá a padà kí ó tún dì. Ẹ̀kọ́ tí ó dùn wá ni èyí, nítorí ife mẹ́jọ ni a dà sí gọ́tà ní ọjọ́ kan tí ẹni tí ó tún fírísà wa ṣe gba owó, tí ẹ̀rọ náà kò sì rí òru ọjọ́ náà já.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò fẹ́ iná rárá, ọ̀nà àwọn baba ńlá áìsì kìrímù sì ni. Ẹ ra yìnyín kílò mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tí ń ta yìnyín fún àwọn oníkunu àti ọlọ́mi, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́, kí ẹ po iyọ̀ kílò kan mọ́ ọn nínú garawa tí ẹ ti fi àpò wé yíká. Iyọ̀ a máa mú yìnyín yọ́, yíyọ́ rẹ̀ a sì máa fa ooru kúrò lára ohun gbogbo tí ó bá wà nítòsí, tó bẹ́ẹ̀ tí omi oníyọ̀ náà lè tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 20 sí ìsàlẹ̀ òdo. Ìtútù yẹn le ju ti ọ̀pọ̀ fírísà ilé lọ. Ife onírin ni kí ẹ lò níbẹ̀, nítorí rọ́bà kì í jẹ́ kí ìtútù tètè wọlé. Ẹ gbé wọn jókòó sínú rẹ̀ kí omi oníyọ̀ má ṣe dé etí wọn, ẹ da nǹkan bò wọ́n, láàárín bí wákàtí kan yóò ti dì. Àwọn tí ń ṣe paleta fún títà ní Mẹ́síkò pàápàá, inú omi oníyọ̀ tí ẹ̀rọ mú tutù ni wọ́n ń ri agolo onírin wọn sí. A gbìyànjú rẹ̀ ní ọjọ́ Sunday kan tí iná kò sí láti àná. Àwọn ọmọ ilé mẹ́rin yí garawa ká, kò sí ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́ tí wọ́n lọ.

Níbi tí ọmọ wa ti ń ka ìwé nípa paleta yìí ni a ti kan ìtàn tí ó jẹ́ kí a gbé ṣíbí kalẹ̀. Ìlú kékeré kan wà ní ìpínlẹ̀ Michoacán ní ìwọ̀-oòrùn Mẹ́síkò, Tocumbo ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kò pọ̀ níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940, àwọn ọmọ ìlú náà méjì, Ignacio Alcázar àti Agustín Andrade, gba Ìlú Mẹ́síkò lọ láti ta yìnyín onígi. Nígbà tí ọjà wọn gbà, wọn kò pa á mọ́ra. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n, wọ́n pe àbúrò, wọ́n pe ọmọ àdúgbò, wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́, wọ́n yá wọn lówó àti ohun èlò láti dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀. Ẹni tí a bá ti yá a ní yá ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tàn ká gbogbo Mẹ́síkò, wọ́n sì rékọjá sí Amẹ́ríkà. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù ni ó ń jẹ́ La Michoacana, kì í sì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù Kejìlá, àwọn ọmọ Tocumbo a máa wọ́ padà sílé fún ọdún wọn, ilé ńláńlá tí wọ́n kọ́ sílé a sì ṣí fèrèsé. Ní ẹnu ìloro ìlú náà, ère paleta ńlá kan ni wọ́n gbé nàró kí ẹni tí ó ń wọ̀lú lè mọ ohun tí ó bọ́ wọn.

Ta ni nínú wa tí ìtàn yìí kò jọ tirẹ̀? Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kánò ní 1911 ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ọ̀ffà, ará Abẹ́òkúta, ará Ìlọrin, ará Ìjẹ̀bú ti ń tẹ̀lé ara wọn wá síhìn-ín. Bí ẹnì kan ti dé ni ó ń gba àbúrò sí yàrá, tí àbúrò ń kọ́ ọjà lábẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń gbé ìsọ̀ tirẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Àwọn mìíràn gba Gánà lọ bẹ́ẹ̀, títí òfin oṣù Kọkànlá ọdún 1969 fi lé wọn kúrò. Ọmọ ará òkèèrè ni a jẹ́, àwa àti àwọn ará Tocumbo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń kọ wá lóminú: àwọn ń yáni títí di òní. Àwa ńkọ́?

Ìdí tí a fi ń béèrè ni obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa, opó tí ó ń tọ́ ọmọ mẹ́ta, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọmọ wa ni ó ti kọ́ paleta yìí, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹni tí ó kọ́ ọ lọ. Bí ilé ìwé bá ti jáde, àwọn ọmọdé a máa tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n fírísà kì í ṣe tirẹ̀, ó ń san owó àyè ìdá kan nínú fírísà ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí olówó fírísà bá ra ẹja, ọjà opó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó bẹ ẹgbẹ́ fún ẹ̀yáwó, wọ́n ní kí ó dúró di ìgbà tí a bá parí aṣọ ọdún. A kò bá ẹnikẹ́ni jà, àwa náà wà lára àwọn tí ó fẹ́ràn aṣọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n aṣọ a máa ṣá. Bí ẹgbẹ́ obìnrin bá lè kó àjọ oṣù méjì fún fírísà àlòkù kan tí ó dára, tí ó sì ń san án padà díẹ̀díẹ̀, ẹ rò ó wò kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó pé.

Ní ti adùn oríṣiríṣi, ẹnu yín ni yóò tọ́ yín sọ́nà, ṣùgbọ́n mẹ́ta wà tí a gbọdọ̀ sọ. Àkọ́kọ́ ni òfio, tí àwọn Haúsá ń pè ní aya, tí ó pọ̀ ní ọjà wa tí owó rẹ̀ kò sì ga. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ fún un, kí ẹ lo wàrà rẹ̀ dípò omi. Yóò ki fúnra rẹ̀ bí ẹ bá sè é, nítorí náà ògì ṣíbí kan ti tó. Ní Valencia ní ilẹ̀ Sípéènì, ohun mímu òfio yìí gan-an ni wọ́n ń pè ní horchata. Àwọn ará Mẹ́síkò ń fi ìrẹsì àti èèpo igi olóòórùn dídùn tí àwọn Haúsá ń pè ní kirfa ṣe tiwọn, wọ́n sì ń sọ ọ́ di paleta. Èkejì ni ẹ̀pà: ṣíbí mẹ́ta ẹ̀pà yíyan tí a lọ̀ kúnná. Kánò tí òkìtì ẹ̀pà rẹ̀ ga bí òkè ní àwọn ọdún 1950 àti 1960 kò gbọdọ̀ fi ẹ̀pà sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ni mángòrò. Àwọn ará Mẹ́síkò a máa bu ata gígún sórí ti mángòrò. A gbọ́ èyí, a ní ẹni tí ó bá mángòrò jẹ ata, inú rẹ̀ ni yóò sọ fún un. Ìyá wa ní kí a bu díẹ̀ sí ti òun. Ó lá a tán, ó sì tún béèrè.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan sí i, kò sì ní ẹ̀fẹ̀ nínú. Ìtútù kì í pa kòkòrò àrùn. Ó kàn ń mú un sùn ni. Omi tí kò dára kí ó tó dì kò ní dára lẹ́yìn tí ó bá dì. Ẹ se omi yín. Bí ẹ bá ra madara tútù lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní dípò mílíìkì oníyẹ̀fun, ẹ jẹ́ kí ó hó dáadáa, nítorí pé ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ibà kan tí í lọ tí í bọ̀ wà tí màlúù lè fi sínú wàrà. Nónò ti kan, bí ẹ bá sè é yóò pín. Ẹni tí ó bá fẹ́ adùn kíkan, kí ó se madara, kí ó jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó fi ṣíbí yógọ́ọ̀tì kan sí i, kí ó bò ó mọ́jú. Fúrà tí a fọ́ wẹ́wẹ́ sínú èyí, tí ó sì dì lórí igi, àwọn aládùúgbò wa Haúsá tí a fún ní tọ́wò ní àwọn kò mọ̀ pé fúrà lè dúró lóòró.

Ní ti ìyá wa, paleta kejì, èyí tí ó ní ògì nínú, ni ó lá tán ní ọjọ́ Thursday kan lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, tí ó sì ní kí ọmọ náà bu omi fún òun fọ ọwọ́. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó béèrè ẹ̀kọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ó bú wa pé ọbẹ̀ kò ní iyọ̀. Nígbà tí òjò rọ̀, tí ọ̀nà tutù, ó sọ fúnra rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ wo ilé, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun ọkọ̀ pẹ̀lú ife onírin mẹ́fà nínú àpò. Ó ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ di bí a ti ń kọ èyí. Àwọn àbúrò wa ní àwọn ọmọ àdúgbò kì í jẹ́ kí ó sùn lọ́sàn-án, ó sì ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé igi òun ti tán. Ẹni tí ó bá ń lọ sílé nínú ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kí oṣù yìí tó parí, kí ó jọ̀wọ́ yà ní ilé wa kí ó bá wa mú páálí igi kan lọ fún un, kò wúwo.